Iyanrìn Tí Mo Tọ́ Wò ní Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa yàn láàyò, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi. Mi ò ní kí ẹ wá ṣe irú èyí tí mo ṣe o. Bí ogójì ọdún ni mo fi po sìmẹ́ǹtì, tí mo ń fi í mọ ère, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ère tí mo fẹ́ràn sì wà ní ìsàlẹ̀ omi báyìí, níbi tí ojú èèyàn kò dé. Ọmọ àbúrò mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, iṣẹ́ téèyàn ò lè rí, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?" Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Mo bá mú bírò.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Mosúnmọ́lá ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n ní Ìsọlọ̀, Àǹtí Sìmẹ́ǹtì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń jẹ́ Ìyá Fẹ́mi, wọ́n ń jẹ́ Ìyá Ṣadé. Èmi ò bímọ, ọkọ tí mo ní kò sì pẹ́ lọ́dọ̀ mi, ni wọ́n bá fi iṣẹ́ mi sọ mí lórúkọ. Nígbà tí mo dé Èkó, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo dé sí ní Òṣòdì, nínú yàrá kan tó kọjú sí ojú irin. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo ti rí iṣẹ́ omi pípọn ní ọgbà ọ̀gá kan ní Ìsọlọ̀. Ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń san, kò tó nǹkan, ó sì ti tán.

Bàbá Délé ni ọ̀gá náà. Ará Abẹ́òkúta ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó ń fi òdòdó sìmẹ́ǹtì ṣe ojú fèrèsé lọ́ṣọ̀ọ́. Òpó, kìnnìún ẹnu géètì, ẹyẹ idì orí ògiri, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo fi sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù sí ìdí páànù mọ adìyẹ kan. Ọ̀gá gbé e, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni sà. Ẹ má bínú."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti nípọn jù. Adìyẹ ni àbí àgùntàn?" Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀. "Tó o bá dé lọ́la, má gbé korobá mọ́."

Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn. Mutiu, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, obìnrin nídìí sìmẹ́ǹtì kẹ̀? Àbí ẹ fẹ́ kó máa tẹ ẹ̀bà fún wa ni?" Láti ọjọ́ náà, Mutiu kò bá mi jẹun pọ̀, kò sì bá mi ṣeré. Igun ọgbà ni mo ti máa ń dá jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi, tí màá kẹ̀yìn sí wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fi kọ́ mi kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń di irin tàbí bí wọ́n ṣe ń gé mọ́ọ̀dù. Wọ́n bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní, "Tọ́ ọ wò." Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo wo Mutiu, kò rẹ́rìn-ín. Mo bá fi ahọ́n kàn án.

"Iyọ̀ wà níbẹ̀, àbí kò sí?"

"Ó dà bí ẹni pé ó wà díẹ̀, sà."

Wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn gbá mi léjìká. "Ahọ́n kì í sọ pé ó dà bí ẹni pé. Ó wà, àbí kò sí?"

"Ó wà, sà."

Gbogbo iyanrìn tí típà já sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní kí n fọ̀ nínú àgbá, lẹ́ẹ̀mẹta, kí n tún tọ́ ọ wò. Ọwọ́ mi bó. Nígbà tí mo parí, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ṣàlàyé. Iyanrìn odò kò níyọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá kó ní ọ̀sà níbi tó ti súnmọ́ òkun, iyọ̀ á wà nínú rẹ̀, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n. Tí èèyàn bá fi po sìmẹ́ǹtì bo irin, iyọ̀ náà á máa jẹ irin lọ́hùn-ún bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Irin á dípẹtà, á wú, á sì la sìmẹ́ǹtì. "Ọdún kan, ọdún méjì, ère á máa wò ọ́, á máa rẹ́rìn-ín," ni Ọ̀gá wí. "Ọjọ́ tó bá máa wó, kò ní sọ fún ọ."

Wọ́n le o. Tí ẹ bá dé lẹ́yìn aago méje, ẹ padà sílé nìyẹn. Tí ẹ bá fi omi kún sìmẹ́ǹtì tó ti fẹ́ gan, ẹ máa dà á nù, ẹ máa tún òmíràn pò, Ọ̀gá á sì dúró tì yín títí ẹ ó fi parí. Oúnjẹ nìkan ni wọn kì í bínú sí. Ohunkóhun tí Ìyá Délé, ìyàwó wọn, bá gbé wá, ì báà jóná, ì báà má jiná, "Ó dùn" ni wọ́n máa ń wí. Àwọn fúnra wọn kì í sì tọ́ iyanrìn wò lójú wa. Mo rò pé ipò ọ̀gá ló fà á.

Mutiu ń mu sìgá, ahọ́n rẹ̀ kì í mọ iyọ̀ dáadáa. Díẹ̀díẹ̀, iyanrìn títọ́ wò di tèmi nìkan. Tí típà bá ti wọlé, Ọ̀gá á pariwo pé, "Mosún dà? Ẹ pe Mosún!" Gbogbo iṣẹ́ á dúró títí n ó fi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú mi ṣe máa ń dùn tó. Ní ìlú tí n kò ti ní ẹni tó ń retí mi nílé, ó dùn mọ́ mi pé àwọn kan ń dúró de ohun tí ahọ́n mi máa sọ.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ẹni tó wà nílé ọlọ́pọ̀ èrò lánàá ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lónìí, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kìnnìún. A mọ kìnnìún títí mo fi ń lálàá kìnnìún. Sìmẹ́ǹtì pọ̀ lójú òkun, ọkọ̀ tó gbé e wá tò rẹrẹ, kò ríbi já a sí, síbẹ̀ ó wọ́n ní Ìsọlọ̀. Ọjọ́ kan Ọ̀gá rán mi lọ bá ẹnì kan lójú omi nítorí sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi ni Zànnú, apẹja, ọmọ Ẹ̀gùn láti apá Àgbádárìgì. N kò rí òkun rí, mo sì di etí ọkọ̀ mú gírígírí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó yà mí sí ìdí àwọn òkúta ńlá tí ìjọba kó dí ìgbì ní ẹnu òkun. Omi fà sẹ́yìn, ìdí òkúta hàn síta. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkúta náà ń mí! Ìkarahun rọ̀ mọ́ ọn, ohun rírọ̀ aláwọ̀ pupa ń là, ó ń padé. Inú gbogbo ihò ló ní olùgbé, ẹja tó kéré ju ìka lọ ń yọjú wò mí. Mo fọwọ́ kàn án, ó rí gbágungbàgun bí sìmẹ́ǹtì tí a kò tíì dán.

Zànnú rí iyùn tó wà lọ́rùn mi, èyí tí ìyá ìyá mi fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mọ̀ pé ilé ẹranko lẹ so mọ́rùn yẹn?" Ó ti bá ọkọ̀ òyìnbó se oúnjẹ rí, ó ti dé ibi tí òkun mọ́ gaara, ó sì ti wo ìsàlẹ̀. Ó ní ẹranko wínníwínní ló ń kọ́ iyùn, wọ́n á kọ́ ọ lé ara wọn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, títí yóò fi di igbó lábẹ́ omi, tí ẹja á máa gbé ibẹ̀. "Lọ́dọ̀ tiwa," ó ní, "ẹ̀ka igi la máa ń gún sínú ọ̀sà, kí ẹja lè ríbi sápamọ́ sí, kí wọ́n ríbi bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé yìí, ilé ẹja lẹ fi ń kọ́ ọ."

Kò fi bú mi, ó kàn sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá fi ahọ́n kan iyanrìn tó níyọ̀, ojú máa ń tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù mọ irú òkúta náà, oníhò, ẹlẹ́ka, alápò. Mutiu ní mo ti ń ya wèrè. Ọ̀gá wò ó, wọ́n ní, "Ta ló máa fi ihò ṣẹnu géètì?" Ṣùgbọ́n wọn kò fọ́ ọ.

Ẹni tó wá fẹ́ ihò náà ni olóyè kan tó ń kọ́lé sí Òkè-Afá. Ó ti rí ọgbà inú òkun nínú àwòrán lókè òkun, ó fẹ́ kí omi máa tú jáde láti ara irú rẹ̀ ní iwájú ilé òun, kó ga tó ènìyàn méjì. Ọ̀gá pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní, "Délé ọmọ mi ò ní padà wá po sìmẹ́ǹtì, mo ti mọ̀. Ìwọ ni kó o ṣe èyí. Tó bá dúró, ìwọ ni mo máa fi ọgbà yìí lé lọ́wọ́." Mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. Kò tíì sẹ́ni tó fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́ rí láyé mi.

Mo di irin rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Ní ọ̀sẹ̀ tí a máa bò ó, ọ̀fìnkìn dá mi wó. Imú dí, orí ń fọ́, mo jẹ ata rodo, kò yàtọ̀ sí ìgbà tí mo jẹ koríko. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni típà já iyanrìn sílẹ̀. "Mosún dà?" ni Ọ̀gá pariwo.

Mo bu ú, mo fi sáhọ́n. N kò mọ nǹkan kan. Mo tún fi kàn án. Kò sí. Mutiu fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo ẹnu mi. Tí mo bá sọ pé ahọ́n mi ti kú lónìí, yóò rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá yóò sì ní kó gbapò mi. Ahọ́n yìí nìkan ni mo ní. Kí ni mo tún jẹ́ tí n kò bá ní in?

"Kò níyọ̀, sà," ni mo wí.

Ọ̀gá wojú mi. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu, ohun tí n kò rí kí wọ́n ṣe rí. Wọ́n jẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tutọ́ dànù. "Kò níyọ̀," ni wọ́n wí. "Ó yá, ẹ pò ó."

Mo yọ̀ débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo ní, Ọlọ́run mi kò sùn, iyanrìn náà mọ́ lóòótọ́. Mo sì gbàgbé irọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wí i gbangba pé ère náà dára. Omi ń ṣàn lára ẹ̀ka rẹ̀, àwọn èèyàn ń ti Àgọ́ Palace wá wò ó, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀. Òjò ọdún kan lọ. Òjò ọdún kejì kò tíì dá nígbà tí mo rí ìlà pupa kan tó ń sun láti ara ẹ̀ka òkè. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀ka náà já lulẹ̀ níwájú àwọn àlejò olóyè, díẹ̀ ló kù kó pa ẹnì kan. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Olóyè kó àfọ́kù rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó wá dà á sí àárín ọgbà wa. Irin tó wà nínú rẹ̀ ti rà bí ewé gbígbẹ. Mo kó sí ẹ̀yìn àgbá. "Ta ló ṣe iṣẹ́ ràdàràdà yìí?" ló ń bi Ọ̀gá. "Ta ló tọ́ iyanrìn yín wò?"

"Èmi ni," ni Ọ̀gá dáhùn. "Èmi ni mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀bi mi ni."

N kò jáde. Ẹ̀yin ọmọ, n kò jáde. Olóyè bú wọn bí ẹni bú ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n tẹríba, orí wọn funfun. Láàárín oṣù díẹ̀ kò sí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ wá mọ́. Mutiu lọ sídìí búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá ti ọgbà pa, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ní àárọ̀ tí wọ́n máa lọ, wọ́n fún mi ní asẹ́ àti mọ́ọ̀dù mẹ́ta. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ọgbà mọ́, wọn kò sì wojú mi. Mo mọ̀ nínú ara mi pé wọ́n ti mọ ohun tí mo ṣe, àti pé ìyà mi nìyẹn.

Mo gba ilẹ̀ kékeré kan ní Òkè-Afá, lẹ́bàá àbàtà, mo sì ń dá ṣiṣẹ́. Òpó àtẹ̀gùn ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo kó àwọn àfọ́kù náà pa mọ́, mo fi òòlù yọ irin ara wọn kúrò, mo ránṣẹ́ pe Zànnú. A gbé wọn lọ sí ìtòsí òkúta ẹnu òkun, a jù wọ́n sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó ní òun wẹ̀ débẹ̀, pé ìkarahun ti ń lẹ̀ mọ́ wọn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọdún, mo máa ń mọ ilé ẹja mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láìfi irin sí i, wọ́n wúwo, wọ́n kún fún ihò, Zànnú á sì gbé wọn lọ fún mi. Ó máa ń fi igi ọ̀pẹ kan tó wà létíkun ṣe àmì ibẹ̀. Nígbà tí Zànnú kú, wọ́n ti gé ọ̀pẹ náà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí iṣẹ́ mi wà mọ́, èmi náà kò mọ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ṣọ́bìrì di ẹ̀rọ ìpo-sìmẹ́ǹtì, mọ́ọ̀dù pákó di ti rọ́bà, kìnnìún tí a máa ń mọ fún ọjọ́ mẹ́wàá di ohun tí wọ́n ń tú jáde ní wákàtí kan, tó fúyẹ́, tó ṣófo nínú. Kò sí ẹni tó ń tọ́ iyanrìn wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn òyìnbó ń ṣe irú ilé ẹja tèmi nísinsìnyí, pé wọ́n ń wẹ̀ lọ wò ó bí ẹni lọ wo àfihàn. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ ibi tí tèmi wà. Mo ní omi ti bò ó. Mo fi orógbó ṣe wọ́n lálejò, wọ́n lọ, ilé sì pa rọ́rọ́.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ, òun gan-an sì ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí Ọ̀gá lọ ni mo tó lè wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Ìyá Délé ti lọ sí ìpàdé ìjọ, Ọ̀gá nìkan ni mo bá nílé. Wọ́n ti gbó. Inú wọn dùn láti rí mi, wọ́n ní kí n wo ìdí àdògán, kí n bá àwọn se ọbẹ̀ díẹ̀. Mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lẹ́nu, n kò mọ ìgbà tí mo fi iyọ̀ sí i, n kò sì mọ ìgbà tí mo tún fi sí i.

Mo gbé e fún wọn pẹ̀lú ẹ̀bà. Wọ́n jẹ òkèlè mẹ́ta, mẹ́rin. "Ó dùn," ni wọ́n wí.

Èmi náà bu òkèlè kan, mo fi sẹ́nu. Iyọ̀ yẹn korò débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo wo Ọ̀gá. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, ojú wọn kò yí padà rárá.

"Ọ̀gá," mo ní, "láti ìgbà wo?"

Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n sì mọ̀. "Ibà kan ló pa ahọ́n mi," ni wọ́n dáhùn, "ọdún tó ṣáájú kó o tó dé Ìsọlọ̀. Ìyá Délé gan-an ò mọ̀. Ọ̀gá tí ò lè tọ́ iyanrìn wò, ta ló máa pè é lọ́gàá? Ìgbà tó o dé, mo ní Ọlọ́run ló rán ọ. Ọjọ́ yẹn, mo rí i lójú rẹ pé nǹkan kan ń ṣe ọ́. Mo bu ú, mo ń jẹ ẹ́, mo ń wá iyọ̀. Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀."

"Ahọ́n tèmi náà ti kú lọ́jọ́ náà, sà. Ọ̀fìnkìn. Mo purọ́ fún yín."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dá ru ohun tí àwa méjèèjì ìbá jọ rù. Wọ́n kó lọ sí Abẹ́òkúta nítorí wọ́n rò pé mo mọ irọ́ wọn. Èmi náà jókòó sí Òkè-Afá, mo rò pé wọ́n mọ tèmi.

"Kí ló dé tó ò sọ?" ni wọ́n bi mí.

"Mo bẹ̀rù pé ẹ máa lé mi. Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Mo bẹ̀rù pé wàá lọ."

Mo gbé ìkòkò padà sórí iná, mo bu omi sí i, mo bù ú wá. Wọ́n fi òkèlè kan án, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì gbójú sókè sí mi.

"Mosún," ni wọ́n wí, "báwo ló ṣe rí?"

Mo tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ ṣì pọ̀, sà," ni mo dáhùn.